Kíkó dátábéèsì kúrò lórí cloud tó fẹ́ kógbá sílé: ìtọ́sọ́nà fún àwa tí à ń bá ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ṣiṣẹ́ l'Óṣogbo

Lẹ́tà náà kì í gùn. Ìlà mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni, nínú ímeèlì tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣí: iṣẹ́ dátábéèsì tí ẹ ń lò yóò kógbá sílé lọ́jọ́ báyìí, ẹ máa kó lọ sórí tuntun. Kì í ṣe ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń kọ irú rẹ̀. Microsoft ti ilẹ̀kùn Azure Database for MySQL Single Server (Azure ni cloud tirẹ̀) pa ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹsàn-án 2024, ó ti ti PostgreSQL Single Server ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹta 2025, ó sì ti ti MariaDB ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà. Amazon fòpin sí dátábéèsì tirẹ̀ tó ń jẹ́ QLDB ní ọjọ́ 31 oṣù Keje 2025. Àwọn tó wà lórí dátábéèsì ọ̀fẹ́ ti cloud Heroku ti jẹ ìyà tiwọn láti ọjọ́ 28 oṣù Kọkànlá 2022.

Ẹni tí dátábéèsì PostgreSQL rẹ̀ wà lórí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Àpẹẹrẹ tí n ó máa mú ni ápù ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, irú èyí tí àwọn ìyá Ọjà Ọba fi ń san àjọ, tí wọ́n fi ń tọrọ owó yíyá, tí akápò sì fi ń ṣírò owó ní ìparí oṣù. Dátà fúnra rẹ̀ ló rọrùn jù láti kó nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tó so mọ́ ọn ló máa ń fa wàhálà: orúkọ ìwọlé, pásíwọ́ọ̀dù, iṣẹ́ òru tí ẹnì kan ṣètò nígbà kan tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ibẹ̀ ni n ó ti pẹ́ jù.

1. Ẹ ka lẹ́tà náà tán, kí ẹ mú ọjọ́

Ọjọ́ tó wà nínú lẹ́tà máa ń ju ẹyọ kan lọ. Ọjọ́ kan lè wà tí ẹ ò ní lè ṣí sáfà tuntun mọ́ lórí iṣẹ́ àtijọ́, òmíràn tí wọn ò ní tún un ṣe mọ́ bí ihò ààbò bá yọ, àti èyí tí wọ́n máa pa á pátápátá. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ tún wò ó bóyá wọ́n máa fipá kó yín lọ bí ẹ bá dákẹ́, àbí ṣe ni wọ́n máa pa sáfà náà. Kò sí èyí tó dára nínú méjèèjì.

Lẹ́yìn náà ẹ mú ọjọ́ tiyín, kó má sì sún mọ́ tiwọn. Oṣù méjì ṣáájú ni mo fẹ́ràn, kí ìparí oṣù kan gbáko lè kọjá lórí sáfà tuntun kí ti àtijọ́ tó kú. L'Óṣogbo, bí oníbàárà yín bá ń ta àdìrẹ tàbí tó ń gba àlejò sílé ìtura, ẹ má dá a láṣà láti fọwọ́ kan nǹkan rẹ̀ lásìkò ọdún Ọ̀ṣun nínú oṣù Kẹjọ. Fún ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, ẹ fo ọjọ́ 25 títí di ọjọ́ 5 oṣù tó tẹ̀lé e, torí ìgbà yẹn ni wọ́n ń yọ owó lára owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́. Ọ̀pọ̀ máa ń mú alẹ́ Jímọ̀. Èmi kì í mú un. Bí nǹkan bá yíwọ́ lówùúrọ̀ Sátidé, ẹni tí ẹ máa pè ti wà lóde ìnáwó, fóònù rẹ̀ sì wà nínú báàgì ìyàwó rẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ní àárín oṣù ló dára.

2. Ta ló ń wọlé sínú dátábéèsì yìí?

Ẹ má tíì fọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹ fi psql (irinṣẹ́ tí a fi ń tẹ àṣẹ sí PostgreSQL) wọ sáfà àtijọ́, kí ẹ bi í ní ìwọ̀nyí:

```
SELECT version();
SHOW server_encoding;
SELECT pg_size_pretty(pg_database_size('egbe'));
SELECT extname, extversion FROM pg_extension;
SELECT rolname, rolcanlogin FROM pg_roles;
```

Ẹ fi èsì rẹ̀ sínú ìwé kan tí gbogbo ẹni tó wà nídìí iṣẹ́ náà lè rí. Version ló máa sọ bí ọ̀nà ṣe jìn tó. PostgreSQL Single Server ti Azure kò kọjá version 11 rí, àwọn tó ń ṣe PostgreSQL sì ti jáwọ́ nínú version 11 láti oṣù Kọkànlá 2023, nítorí náà ẹni tó ti ibẹ̀ bọ̀ fo version bíi márùn-ún tàbí mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù:

```
SELECT DISTINCT usename, application_name, client_addr
FROM pg_stat_activity WHERE datname = 'egbe';
```

Ẹni tó wà nínú sáfà ní ìṣẹ́jú yẹn nìkan ló máa fi hàn yín. Ẹ fi í sínú cron (ètò tó ń ṣe iṣẹ́ fúnra rẹ̀ lásìkò tí a dá fún un) kó máa kọ èsì sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, kí ìparí oṣù kan sì bá a níbẹ̀. Ẹ máa rí ápù fúnra rẹ̀. Ìyẹn ò yani lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ni àwọn àlejò á máa yọjú: kóòdù tó ń fi SMS ránṣẹ́ sí ẹni tí gbèsè rẹ̀ ti pẹ́, tí ẹni tó kọ ọ́ ti lọ ṣiṣẹ́ l'Ékòó, ojú ewé kan tí alága fi ń wo iye tó wà nílẹ̀, àti Excel.

Ẹ jẹ́ kí n dúró lórí Excel yìí díẹ̀. Nínú ọ́fíìsì ẹgbẹ́ kan lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Òkè-Fìà, lápútọ́ọ̀pù kan wà tí bátìrì rẹ̀ ti kú, tó jẹ́ pé bí ẹ bá fẹsẹ̀ kọ wáyà rẹ̀ báyìí, ó ti kú nìyẹn. Lórí rẹ̀ ni fáìlì kan wà tó ń jẹ́ «IROYIN OSU tuntun FINAL 2», tó ń fi ODBC (afárá láàárín Excel àti dátábéèsì) fa nọ́ńbà láti inú dátábéèsì wá bí ọjọ́ ìpàdé bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Pásíwọ́ọ̀dù wà nínú fáìlì náà gan-an. Kò sí nínú ìwé ètò kankan. Lójú àwa tí à ń kọ kóòdù, kò jẹ́ nǹkan kan. Lójú alága, òun gan-an ni ẹgbẹ́, torí òun ni wọ́n ń tẹ̀ jáde tí wọ́n ń pín fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Bí ẹ bá kó dátábéèsì lọ láì sọ fún akọ̀wé owó, ápù á máa ṣiṣẹ́ geere, ó di ọjọ́ ìpàdé kí ariwo tó ta. Torí náà ẹ lọ síbẹ̀ fúnra yín. Ẹ kí wọn, ẹ jókòó, kí ẹ ní: «Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ ṣe ìròyìn oṣù yìí lójú mi láti ìbẹ̀rẹ̀.» Ẹ máa rí nǹkan níbẹ̀ tí pg_stat_activity ò ní sọ fún yín láéláé.

Bí pg_cron (cron inú PostgreSQL fúnra rẹ̀) bá wà nínú extension (àfikún) yín, iṣẹ́ rẹ̀ kì í sábà bá dump (ẹ̀dà) dátábéèsì yín lọ, torí inú dátábéèsì tó ń jẹ́ postgres ló máa ń wà. Ẹ fi `SELECT schedule, command FROM cron.job;` kọ ọ́ sílẹ̀. Aago rẹ̀ jẹ́ ti GMT, tiwa sì fi wákàtí kan ṣáájú, nítorí náà iṣẹ́ tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ ní agogo méjìlá òru tiwa á jẹ́ `0 23 * * *`.

3. Níbo là ń kó lọ?

Ilé-iṣẹ́ tó kọ lẹ́tà á dárúkọ ibì kan. Azure ní kí àwọn tó wà lórí PostgreSQL Single Server lọ sórí Flexible Server, kí àwọn ti MariaDB sì lọ sórí MySQL Flexible Server. Bí kò bá sí ìdí gidi tí ẹ fi máa kọ̀, ẹ gbà: irinṣẹ́ ìkólọ wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ti ń wá ọ̀nà láti yí ilé-iṣẹ́ padà nítorí owó dọ́là, àkókò nìyí, torí ìdánwò kan náà ni yóò ṣe.

Èyí tí mi ò ní gbà láé ni dátábéèsì tó jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ló gbọ́ èdè rẹ̀. Àwọn tó lo QLDB mọ ohun tí mò ń sọ. PartiQL ni wọ́n fi ń bá a sọ̀rọ̀. Nígbà tí Amazon wá ní kí wọ́n máa lọ sórí Aurora PostgreSQL, kíkó dátà nìkan kò tó, kóòdù náà gbọ́dọ̀ di àtúnkọ. PostgreSQL lásán tàbí MySQL lásán ni kí ẹ máa wá, kí lẹ́tà tó ń bọ̀ lọ́jọ́ iwájú má baà bá yín lójijì.

Ní ti version, ọdún 5 ni wọ́n fi ń tọ́jú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Version 17 jáde ní oṣù Kẹsàn-án 2024, wọ́n á tọ́jú rẹ̀ títí di oṣù Kọkànlá 2029. Ẹ mú 16 tàbí 17. Ẹ má tìtorí ìbẹ̀rù mú èyí tó sún mọ́ ti àtijọ́ jù, torí ẹ tún máa kó láìpẹ́.

Ẹ fi orúkọ extension yín wé ohun tí ibi tuntun gbà. Ẹ mú region (agbègbè tí sáfà cloud wà) tí ápù yín wà, kí ápù má wà ní Johannesburg kí dátábéèsì rẹ̀ sì wà ní Yúróòpù. Ẹ bi wọ́n ní iye connection tí sáfà tí ẹ fẹ́ rà lè gbà. PgBouncer (tó ń pín connection fún ápù) wà nínú Flexible Server, lórí port 6432, ṣùgbọ́n kò sí lórí ẹ̀yà Burstable tó jẹ́ owó pọ́ọ́kú jù. Ẹ sì rántí pé sáfà méjì lẹ máa san owó rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ẹ sọ fún akápò láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì mọ iye dọ́là tí káàdì yín lè san lóṣù, kí báńkì má baà dá yín dúró láàárín ọ̀nà.

4. Sáfà tuntun àti àwọn tó máa lò ó

Ẹ ṣí sáfà, ẹ ṣẹ̀dá dátábéèsì òfo pẹ̀lú UTF8, ẹ ṣí firewall fún ápù nìkan àti fún ẹ̀rọ tí ẹ máa fi ṣe iṣẹ́. Kí ẹ ṣẹ̀dá dátábéèsì náà fúnra yín, kí ẹ má fi `-C` sí pg_restore, irinṣẹ́ tó ń tú dump sínú sáfà tuntun. Lórí Single Server àtijọ́, collation (òfin títò ọ̀rọ̀) tó ń jẹ́ English_United States.1252 ni wọ́n máa ń bá nígbà náà, orúkọ Windows ni, sáfà Linux kò mọ̀ ọ́n, á sì kọ̀ jálẹ̀.

Orúkọ ìwọlé kì í bá dump lọ. Èyí ló máa gbà á sílẹ̀:

```
pg_dumpall --roles-only --no-role-passwords -h SAFA_ATIJO -U alabojuto > roles.sql
```

Wọn kì í jẹ́ kí oníbàárà rí pásíwọ́ọ̀dù lórí sáfà tí wọ́n ń bá a bójú tó, ìdí nìyẹn tí a fi yọ ọ́. Ẹ ṣí roles.sql, ẹ pa gbogbo ìlà tó jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ cloud rẹ́, kí ẹ fi pásíwọ́ọ̀dù tuntun fún èyí tó kù. Fún Excel akọ̀wé, ẹ ṣẹ̀dá orúkọ tirẹ̀ tó lè kàwé nìkan.

Láti version 15, kì í ṣe gbogbo èèyàn ló lè ṣẹ̀dá tábìlì nínú schema public mọ́. Bí ápù yín bá máa ń ṣe migration (àtúntò tábìlì) fúnra rẹ̀, `permission denied for schema public` ni yóò kọ́kọ́ sọ. Ojútùú rẹ̀ kò ju ìlà kan lọ:

```
GRANT USAGE, CREATE ON SCHEMA public TO egbe_app;
```

5. Ìdánwò

Ẹ má ṣe dump láti orí lápútọ́ọ̀pù yín l'Óṣogbo. Dátà á ti ọ̀dọ̀ wọn wá sí ọ̀dọ̀ yín, á tún padà lọ, lórí dátà tí ẹ fowó rà, bí iná bá sì lọ tí router kú, ẹ tún bẹ̀rẹ̀ láti àárọ̀. Ẹ ṣí VM kékeré kan (kọ̀ǹpútà àyálò lórí cloud) nínú region tí sáfà méjèèjì wà. Ubuntu 24.04 dára, torí bí ẹ bá fi `apt install postgresql-client` sí i, version 16 ló máa gbé wá. Ti sáfà tuntun yín bá jẹ́ 17, ẹ wá pg_dump 17 láti ibi àkójọ PostgreSQL fúnra wọn. pg_dump tuntun lè ka sáfà àtijọ́; pg_dump àtijọ́ kì í ka sáfà tó jù ú lọ.

Lórí VM náà, ẹ kọ́kọ́ ṣí tmux. Bí ìlà yín bá já, iṣẹ́ á máa lọ. Ẹ kàn wọlé padà, ẹ tẹ `tmux attach`, ẹ ó bá a níbi tó dé.

```
time pg_dump -Fd -j 4 --no-owner --no-privileges \
  -d "host=SAFA_ATIJO dbname=egbe user=alabojuto sslmode=require" -f /data/egbe

time pg_restore -j 4 --no-owner --no-privileges \
  -d "host=SAFA_TUNTUN dbname=egbe user=egbe_app sslmode=require" /data/egbe
```

Ẹ fi orúkọ tó máa ni tábìlì náà wọlé nígbà tí ẹ bá ń ṣe pg_restore, bí mo ṣe kọ ọ́ yìí, kí ápù má baà bá tábìlì tí kò ní àṣẹ lórí rẹ̀. Bí extension kan bá wà tó jẹ́ pé alábòójútó nìkan ló lè ṣẹ̀dá rẹ̀, ẹ ti ṣẹ̀dá rẹ̀ ṣáájú. Ẹ ka gbogbo àṣìṣe tí pg_restore bá sọ. Bí wọ́n bá ṣe ń ṣẹlẹ̀ ló ń tẹ̀ wọ́n jáde, iye wọn nìkan ló sì máa ń sọ ní ìparí bíi pé kò sí nǹkan, ẹni tó bá ń sáré á kàn wò wọ́n fìrí.

Lẹ́yìn ìyẹn, `vacuumdb --analyze-only`. Ẹ má fò ó. Kí version 18 tó dé, dump kì í gbé statistics lọ, sáfà tuntun kò sì ní mọ iye ìlà tó wà nínú tábìlì kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ó lè máa ka tábìlì láti òkè dé ilẹ̀ nígbà tí index wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sọ pé sáfà tuntun lọ́ra ju ti àtijọ́ lọ, èyí ni wọn ò ṣe.

Ẹ tọ́ka ápù ìdánwò sí sáfà tuntun yìí, kí ẹ fi ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan: ìdógò, owó yíyá, ìròyìn oṣù. Iye àkókò tí `time` kọ fún yín ni ẹ ó fi mọ bí alẹ́ náà ṣe máa gùn tó.

6. Ṣé owó pé?

Akápò ò ní bi yín léèrè nípa pg_restore. Ohun tó máa bi yín ni: «Ọmọ mi, ṣé owó wa pé?» Ìdáhùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ nọ́ńbà. Kíka ìlà nìkan kò tó. Ẹ ro owó pọ̀, lóṣù lóṣù:

```
SET timezone = 'Africa/Lagos';
SELECT date_trunc('month', ojo) AS osu, count(*), sum(iye)
FROM idogo GROUP BY 1 ORDER BY 1;
```

Ìlà àkọ́kọ́ yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Bí aago sáfà kan bá jẹ́ UTC tí ìkejì jẹ́ ti Èkó, owó tó wọlé ní agogo méjìlá ààbọ̀ òru ọjọ́ kìíní á bọ́ sí oṣù tó kọjá ní ẹ̀gbẹ́ kan, àròpọ̀ á sì yàtọ̀ nígbà tí kò sí kọ́bọ̀ tó sọnù. Ẹ má fi n_live_tup inú pg_stat_user_tables ṣe é, àfojúbù ni nọ́ńbà yẹn. Ẹ ṣe bákan náà fún tábìlì owó yíyá àti ti ìsanpadà, kí ẹ sì fi `diff` wo fáìlì méjèèjì.

Lẹ́yìn owó, orúkọ. Ẹ fa ogún orúkọ jáde kí ẹ fojú rí i pé Ẹ, Ọ àti Ṣ wà pẹ̀lú àmì wọn, tí kò sí ibi tó di àmì ìbéèrè. Títò àwọn orúkọ lè yí padà pẹ̀lú collation tuntun, akọ̀wé á sì tètè rí i torí ó mọ ojú ewé tí orúkọ kọ̀ọ̀kan máa ń wà. Tí ẹ bá fẹ́ títò tó bá álífábẹ́ẹ̀tì wa mu, PostgreSQL tó ní ICU (àkójọ òfin títò fún oríṣiríṣi èdè) ní i:

```
SELECT oruko FROM omo_egbe ORDER BY oruko COLLATE "yo-x-icu";
```

Èyí á fi Ẹ sẹ́yìn E, á sì fi Gbádébọ̀ sẹ́yìn gbogbo orúkọ tó fi G lásán bẹ̀rẹ̀. Ẹ lè bá orúkọ kan náà tí wọ́n tẹ̀ lọ́nà méjì nínú fóònù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tó jọra lójú ṣùgbọ́n tí `=` ní kò dọ́gba. `normalize(oruko, NFC)` ni oògùn rẹ̀, láti version 13. Ṣùgbọ́n àìsàn àtijọ́ nìyẹn, kíkó kọ́ ló fà á, ẹ má sì wò ó lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ bá ń kó. Bí ẹ bá ṣe iṣẹ́ méjì lálẹ́ kan tí nọ́ńbà ò dọ́gba, ẹ ò ní mọ èyí tó fà á.

7. Ṣé dandan ni kí ápù má tì?

Ibí ni mo ti máa ń bá àwọn ọ̀dọ́ tá a jọ ń ṣiṣẹ́ jiyàn. Wọ́n fẹ́ kó dátábéèsì lọ láì ti ápù fún ìṣẹ́jú kan. Ọ̀nà rẹ̀ wà, logical replication ni wọ́n ń pè é: ẹ ó sọ wal_level di logical, ẹ ó ṣe `CREATE PUBLICATION` lórí ti àtijọ́ àti `CREATE SUBSCRIPTION` lórí tuntun, gbogbo ohun tó bá wọ ti àtijọ́ á sì máa ṣàn lọ sínú tuntun títí tí ẹ ó fi yí ápù padà. Àmọ́ ó ní ohun tó ń béèrè. Tábìlì tí kò ní primary key (àmì ìdánimọ̀ ìlà kọ̀ọ̀kan) á yọ yín lẹ́nu nígbà UPDATE àti DELETE. Ìyípadà lára tábìlì kì í ṣàn lọ. Sequence (tó ń fún ìlà tuntun ní nọ́ńbà) kì í ṣàn lọ. Bí ẹ bá gbàgbé láti fi setval sún un síwájú, ìdógò àkọ́kọ́ lówùúrọ̀ á gba nọ́ńbà tí ẹlòmíràn ti ní, sáfà á sì lé e padà.

Ta ló ń san àjọ ní agogo méjì òru l'Ọ́jà Ọba? Bí ìdánwò bá fi hàn pé gbogbo rẹ̀ ò ju wákàtí kan àbọ̀ lọ, ẹ ti ápù, ẹ ṣe dump, ẹ sùn. Ẹni tí dátábéèsì rẹ̀ tóbi débi pé òru kan ò tó, tàbí ilé ìwòsàn tí kì í tì, ìyẹn ló ni logical replication, tàbí irinṣẹ́ ìkólọ ti ilé-iṣẹ́ cloud náà fúnra rẹ̀ bó bá wà.

8. Alẹ́ náà

Ẹ ti fi iṣẹ́ ránṣẹ́ lórí WhatsApp ẹgbẹ́ lọ́jọ́ mẹ́ta ṣáájú, kí ẹ tún un fi ránṣẹ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà: «Ẹ kú ọjà o, ẹ̀yin ìyá àti bàbá wa. Láti agogo méjìlá òru òní títí di agogo márùn-ún ìdájí, ápù ẹgbẹ́ ò ní ṣí nítorí àtúnṣe. Owó yín wà níbẹ̀ digbí. Bí ẹnikẹ́ni bá pè yín pé kí ẹ mú PIN wá nítorí àtúnṣe yìí, olè ni.» Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ṣe pàtàkì ju gbogbo ìyókù lọ, torí àwọn gbájúẹ̀ náà ń ka WhatsApp.

Ẹ tẹ àròpọ̀ owó ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sórí ìwé nírọ̀lẹ́, kí ẹ gbé e fún akápò. Kí inverter kún, kí síìmù oríṣi méjì wà nílẹ̀. Lẹ́yìn náà:

Ẹ gbé ápù sí ipò àtúnṣe. Ẹ dá iṣẹ́ pg_cron àti kóòdù SMS dúró. Ẹ wá ti dátábéèsì àtijọ́ kó di kíkà nìkan, kí ẹ sì lé àwọn tó ṣì wà nínú rẹ̀ jáde, torí àṣẹ àkọ́kọ́ kì í mú ẹni tó ti wọlé tẹ́lẹ̀:

```
ALTER DATABASE egbe SET default_transaction_read_only = on;
SELECT pg_terminate_backend(pid) FROM pg_stat_activity
WHERE datname = 'egbe' AND usename = 'egbe_app';
```

Ẹ pa dátà ìdánwò inú sáfà tuntun rẹ́, kí ẹ ṣẹ̀dá dátábéèsì náà lótun. Dump, restore, àwọn GRANT, vacuumdb, àròpọ̀ owó: bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe é nígbà ìdánwò, láti inú fáìlì àṣẹ kan náà, láì fi nǹkan tuntun kún un.

Nígbà tí `diff` bá dákẹ́, ẹ yí connection string (àdírẹ́sì tí ápù fi ń wá dátábéèsì) padà. Ibí ni ohun kékeré ti ń bani nínú jẹ́ lágogo mẹ́ta òru. Lórí Single Server nígbà ayé rẹ̀, `egbe_app@orukosafa` ni orúkọ ìwọlé máa ń jẹ́. Lórí Flexible Server, `egbe_app` nìkan ni. Ẹni tó bá gbàgbé láti yọ @ yẹn kúrò, sáfà á sọ fún un pé pásíwọ́ọ̀dù ò tọ̀nà, òun náà á sì máa yí pásíwọ́ọ̀dù padà títí ilẹ̀ á fi mọ́. Bí ápù bá gbé fáìlì certificate dání, ẹ wò ó bóyá ti sáfà tuntun yàtọ̀.

Kí ẹ tó ṣí i fún gbogbo ayé, ẹ jẹ́ kí òṣìṣẹ́ kan fi ₦100 sínú àpò tirẹ̀ kó sì rí i lójú ápù. Ẹ pe akápò ní agogo márùn-ún kó fi ìwé ọwọ́ rẹ̀ wo orúkọ mẹ́wàá tó bá wù ú. Ẹ jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ mú orúkọ náà, ẹ má mú un fún un.

Ẹ ti fẹnu kò sí aago kan ṣáájú, ká sọ pé agogo mẹ́rin. Bí nǹkan ò bá tíì dọ́gba nígbà yẹn, ẹ wọ dátábéèsì postgres lórí sáfà àtijọ́, kí ẹ tẹ `ALTER DATABASE egbe RESET default_transaction_read_only;`, kí ẹ wá tọ́ka ápù padà síbẹ̀, ẹ lọ sùn, ẹ tún mú ọjọ́ mìíràn. Kò sí ìtìjú níbẹ̀, òwúrọ̀ á sì lọ bí ó ṣe máa ń lọ. Ṣùgbọ́n bí ìyá kan bá ti san owó àjọ àárọ̀ rẹ̀ sínú sáfà tuntun, kò sí ìpadàsẹ́yìn tó rọrùn mọ́: owó yẹn kò sí nínú ti àtijọ́. Láti ìgbà yẹn, bí àṣìṣe bá yọ, iwájú lẹ ó ti tún un ṣe.

9. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e

Lọ́jọ́ kejì, ẹ lọ sí Òkè-Fìà lọ tún Excel ṣe lójú akọ̀wé, kí ó fúnra rẹ̀ tẹ Refresh.

Ẹ wo iye ọjọ́ tí bákọ́ọ̀pù sáfà tuntun ń dúró. Lórí Flexible Server, ọjọ́ 7 ni bí ẹ ò bá fọwọ́ kàn án, ẹ lè sún un dé 35. Ẹ sì dá bákọ́ọ̀pù kan padà sínú sáfà ọ̀tọ̀ kí ẹ rí i pé ó ṣí. Ẹ tan pg_stat_statements, kí ẹ wo ìbéèrè tó ń pẹ́ jù fún ọjọ́ mélòó kan.

Ẹ fi sáfà àtijọ́ sílẹ̀ ní kíkà nìkan títí ìparí oṣù kan á fi kọjá. pg_stat_activity tí ẹ gbé sínú cron ṣì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀: ẹni tó bá ṣì ń kanlẹ̀kùn sáfà àtijọ́ ni ẹni tí ẹ gbàgbé. Nígbà tí kò bá sí ẹnikẹ́ni mọ́, ẹ ṣe dump ìkẹyìn, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ dè é, ẹ gbé e síbi tó yàtọ̀, torí ní ọ̀pọ̀ ibi, bí sáfà bá ti di pípa, bákọ́ọ̀pù rẹ̀ kì í pẹ́ tẹ̀lé e lọ. Lẹ́yìn náà kí ẹ pa á.

Ẹ pa VM náà pẹ̀lú. /data/egbe tó wà lórí rẹ̀ ní orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti BVN àwọn èèyàn nínú, òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 sì dì yín mú lórí rẹ̀ bó ṣe dì yín mú lórí dátábéèsì gan-an. Ẹ yọ àwọn IP tí ẹ ṣí nínú firewall fún ìdánwò. Nígbà tí ìwé owó oṣù tó tẹ̀lé e bá dé, ẹ kà á ní ìlà kọ̀ọ̀kan: pípa VM kì í pa díìsìkì àti àdírẹ́sì IP rẹ̀ nígbà gbogbo, dọ́là lẹ ó sì máa fi san wọ́n.